Àwọn Tó Dúró ní Ìgbórè

Bàbá arúgbó tó wà nídìí fèrèsé ti yí ọrùn padà.

Ìbídùn dá ọwọ́ dúró. Aṣọ tútù tó fẹ́ fi nu ojú rẹ̀ wà lókè, omi kíkan ń kán láti ara aṣọ náà sórí bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó dá a lójú pé fèrèsé ni bàbá yìí kọjú sí nígbà tóun ń lọ sílé lánàá. Òun fúnra òun lòun tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, tóun sì rí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú ẹyinjú rẹ̀. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ojú náà mọ́ gaara bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ má bínú, sà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa bá àwọn tó dúró sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí bàbá náà mú, ó rọra yí i padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọrùn náà le, ó ń dún kẹ́kẹ́ bí ìlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti pa tì. Ó nu ojú rẹ̀, ó nu etí, ó nu abẹ́ àgbọ̀n, ó wá sún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ẹni yẹn náà ti yí ọrùn padà.

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wo gbogbo ìlà. Wọ́n dúró lára ògiri bí wọ́n ṣe máa ń dúró, irin gbà wọ́n mú ní ìbàdí àti lábẹ́ apá, ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọ̀dọ́, kálukú nínú aṣọ tí ẹbí rẹ̀ mú wá. Gbogbo wọn ló ti yíjú. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Òun ni wọ́n ń wò.

Bàbá rẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Ìbídùn ṣì wà nígbà tí wọ́n gbé bàbá náà wọ gbọ̀ngàn yìí. Lónìí, ewú ti yọ lórí òun, bàbá rẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n dúdú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Bí wọ́n bá jọ jáde, àbúrò rẹ̀ ni àwọn èèyàn á pè é. Òun náà ti yíjú. Ètè rẹ̀ ṣí díẹ̀, bíi ti ẹni tí ebi ń pa tó gbóòórùn ọbẹ̀ láti ìta.

"Ìbídùn. Kí lo jẹ lánàá?"

Ó ta gìrì. Ọ̀gá rẹ̀, Ìyáàfin Ṣówándé, ti wọlé láti ẹ̀yìn, kò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ó sì fi fàdákà bo gbogbo eyín iwájú rẹ̀. Ní Ìgbórè, ẹni tí kò bá ní ìbòrí eyín, ife omi kíkan tí gbogbo ìlú ń mu láràárọ̀ á jẹ eyín rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí etí àwo tó fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ìbídùn rí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rẹ́rìn-ín níta.

"Ìrẹsì inú ọ̀rá ni mo jẹ, mà."

"Ife àárọ̀ ńkọ́?"

"Mo mu ún, mà. Mo mu ún tán."

Ìyáàfin Ṣówándé sún mọ́ ọn, ó tẹ orí síbi èjìká rẹ̀, ó fa èémí. Ìbídùn retí pé yóò bínú. Kò bínú. Ojú rẹ̀ kàn dà bí ojú ẹni tó gbọ́ orúkọ kan tó ti gbàgbé tipẹ́.

"Nǹkan kan ń rùn lára rẹ," ó wí. "Ó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkan tiwa."

Ìbídùn mọ ohun tó ń rùn.

Obìnrin náà wá wo ìlà àwọn tó dúró, ó sì rí i pé gbogbo wọn ti yíjú. Ó rìn lọ sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, níbi tí ọmọbìnrin kékeré kan dúró sí nínú aṣọ iléèwé, ó fi ìka méjì gbá àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó yí ojú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ìbídùn wo ilẹ̀.

"Máa lọ sílé," Ìyáàfin Ṣówándé sọ láìbojú wẹ̀yìn. "Fi omi kíkan wẹ̀. Bí Agbóòórùn ẹnubodè bá sì mú ọ, èmi ò mọ nǹkan kan o."

Agbóòórùn ẹnubodè kò ju àpótí irin pẹlẹbẹ lọ, wọ́n so ó mọ́ òkè ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìdúró ń gbà jáde. Ihò méjì ló wà níwájú rẹ̀, awọ tín-ín-rín kan sì wà nínú ihò náà tó ń wọlé tó ń jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ń sùn. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn nọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìbídùn. Ẹ dúró díẹ̀."

Ìbídùn dúró. Awọ náà wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Mo gbóòórùn ohun tó ń yí padà."

"Omi ló dà sí mi lára," Ìbídùn wí.

Òṣìṣẹ́ tó tò sẹ́yìn Ìbídùn ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí ara wọn má baà kan ara wọn.

"Ẹ máa lọ," Agbóòórùn wí níkẹyìn. "Màá tún bi yín."

Ó gba ọ̀nà ààfin lọ sílé. Ìlẹ̀kùn ààfin ṣí sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí, èèyàn sì lè rí ọba láti òpópónà, tó dúró pẹ̀lú adé lórí àti ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì jọba lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí Ìbídùn ti dáyé, nítorí òfin kò gbà pé ipò náà ṣófo. Lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ààfin, búrẹ́dì tí wọ́n tò síbẹ̀ nígbà tí Ìbídùn wà níléèwé ṣì rọ̀ bí òwú. Wọ́n ṣì ń tà á. Ó rìn kíákíá. Lẹ́ẹ̀kan, ó wẹ̀yìn wo ààfin, ó sì dà bíi pé orí ọba ti tẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tóun gbà. Kò wẹ̀yìn mọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ wà, lórí àpótí ìjókòó kékeré, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Wúràọlá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbídùn nìkan ló kù tó ń bá a gbé, Màámi ló sì máa ń pè é. Ìkòkò amọ̀ ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fọ́ pákí tó ti rọ̀ nínú omi, ìfófòó funfun sì ń yọ lójú omi náà. Inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ló ti ń gbin pákí yẹn lẹ́yìnkùlé, nítorí pé pákí ìlú, inú táǹkì ìjọba ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń yí i padà di omi kíkan. Ó ti fi òrí dí ihò Agbóòórùn tó wà lókè ilẹ̀kùn yàrá náà pa.

"Màámi, wọ́n ti gbóòórùn rẹ̀ lára mi."

"Ta ni?"

"Ọ̀gá mi. Agbóòórùn ẹnubodè náà." Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àti Bàámi."

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró nínú omi.

"Kí ni bàbá rẹ ṣe?"

"Ó yíjú sí mi. Gbogbo wọn ni. Ṣùgbọ́n òun la ẹnu."

Ohùn ìyá náà yí padà. "Fùfú ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé. Bí mo bá ti ń ro ó, kò ní lè jókòó. Ebi ń pa á, Ìbí. Látìgbà tí wọ́n ti so ó mọ́ ògiri ni ebi ti ń pa á."

"Ẹni tó ti dúró kì í jẹun, Màámi."

"Ẹni tó ti kú. Pè é bó ṣe jẹ́."

Ìbídùn sáré gbójú sókè wo Agbóòórùn tí wọ́n fi òrí dí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ilé yẹn. Èèyàn kì í kú ní Ìgbórè. Wọ́n ń dúró ni.

"Òfin ní ẹni tí kò bá bàjẹ́ kò kú," ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ó dáa, èmi fẹ́ bàjẹ́. Wò ó."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Egbò kan wà lójúgun rẹ̀, etí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ tutù, òórùn tó sì ti ibẹ̀ jáde kò jọ ohunkóhun tí Ìbídùn ti gbọ́ rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. Lójú kan náà, omi dà sí i lẹ́nu. Ìyẹn ló tún bà á lẹ́rù jù.

"Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń da ife àárọ̀ mi sílẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Èyí tó wà nínú ìkòkò yìí ni mò ń mu. Òun náà kan, ṣùgbọ́n kíkan ilé ìyá mi àgbà ni. Á bá wa tọ́jú oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á jẹ́ kó lọ. Tìjọba yìí kì í jẹ́ kí nǹkan lọ. Ìbí, bí ó bá tó àsìkò, má ṣe jẹ́ kí wọ́n rì mí bọ táǹkì. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n so mí mọ́ ògiri."

"Bí ẹ bá jẹrà nínú ilé yìí, Ìdílé Ìbàjẹ́ ni wọ́n máa pè wá. Wọ́n á gba ilé. Wọ́n á lé mi kọjá odi ìlú. Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀?" Ohùn Ìbídùn ròkè, ó tún wá rẹlẹ̀. Kì í ṣe odi ló ń bà á lẹ́rù jù, ó sì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ mọ̀. "Bí ọkàn mi bá fà sí Bàámi, mo mọ ibi tí mo ti máa rí wọn. Mo máa ń nu ojú wọn. Mo fẹ́ kí n lè máa nu ojú tiyín náà."

Ìyá rẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ tútù náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ lò ń rí i. Ṣé òun rí ọ rí?"

"Àfi lónìí," Ìbídùn wí.

Kò ṣèlérí kankan. Kò kọ̀, kò sì gbà. Wọ́n ro fùfú náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ pa pọ̀.

Òjò dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yẹn, oòrùn gbígbóná sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Ìbídùn ṣe ń múra ibi iṣẹ́, ó gbọ́ ohùn kan láti yàrá ẹ̀yìn. Ó rò pé ìyá òun ń gba àlejò. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ etí. Òrí tó fi dí Agbóòórùn ti yọ́ nínú ooru, ó ń ṣàn lára ògiri, awọ inú ihò náà sì ń wọlé, ó ń jáde.

"Ẹ káàárọ̀, Ìbídùn," ó wí. "Mo gbóòórùn ohun tó ń yí padà. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Mo ti ránṣẹ́ sí Ilé Ìdúró."

Ìbídùn kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Ara náà kò tíì tutù tán. Kò ráyè sunkún. Kò ráyè ronú pàápàá, nítorí ọkọ̀ Ilé Ìdúró ti ń ró níta, àwọn ará àdúgbò sì ti ń jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn láti kí i bí àṣà ṣe rí. "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú ìdúró Màmá." Ó ń dá wọn lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyáàfin Ṣówándé ló pàdé wọn níbi táǹkì Ilé Ìdúró. Ó ní kí àwọn ọkùnrin tó gbé ìyá náà wá lórí àtẹ máa lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó di ọwọ́ Ìbídùn mú, ohun tí kò ṣe rí.

"Òfin gbà kí òṣìṣẹ́ ṣe ti ẹbí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ri ọmọ mi bọ omi. N kò jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀, mà."

"O ò mọ̀. O ò mọ ọdún ooru, ìwọ." Ó ń wo omi táǹkì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Oúnjẹ tí wọ́n sè láàárọ̀ á ti máa hó lọ́sàn-án. Inú ìkòkò ẹ̀wà kan ṣoṣo ni àwọn àbúrò mi ti bu oúnjẹ jẹ, ọjọ́ kan náà la sì sin gbogbo wọn. Nígbà tí kíkan yìí dé, a dúpẹ́. Ìgbà tí Tinúadé mi ṣàìsàn, mo ní ó dáa, ó kéré tán, èyí kò ní wọlẹ̀ lọ. N óò máa ya irun rẹ̀." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Ìbídùn. "Tẹ ọwọ́ irin yẹn wálẹ̀, àtẹ á rì. Bó bá rì tán, wàá rí i pé kò nira."

Ó jáde, ó pa ìlẹ̀kùn dé.

Táǹkì náà jìn, omi inú rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń ta Ìbídùn lójú. Ó di ọwọ́ irin náà mú. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó ro bí yóò ṣe máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, bí yóò ṣe máa nu ìpéǹpéjú rẹ̀, bí òun fúnra òun yóò ṣe máa darúgbó kọjá ti ìyá òun, títí ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò fi wá máa nu ojú òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Àtẹ náà mì. Gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ láti inú gbọ̀ngàn. Kẹ́. Kẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àwọn èèyàn púpọ̀ bá ń tẹ igi gbígbẹ mọ́lẹ̀.

Ó fi ọwọ́ irin sílẹ̀, ó lọ ṣí ìlẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá táǹkì àti gbọ̀ngàn. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Gbogbo ìlà ti yíjú síbi tó wà, àwọn tó wà nítòsí, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn tó ń kọ̀yìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá ti yí ọrùn débi tí ọrùn èèyàn kì í dé. Wọn kò wo òun lọ́tẹ̀ yìí. Àtẹ ni wọ́n ń wò. Bàbá rẹ̀ ti la ẹnu tán, eyín rẹ̀ funfun, omi kan sì ń ṣàn láti kọ̀rọ̀ ètè rẹ̀, láti ètè tí Ìbídùn ti ń nù láti ọjọ́ yìí wá tí kò tutù rí.

Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Kò mọ bó ti pẹ́ tó.

Lẹ́yìn náà, ó bu omi lásán sínú garawa, ó fi wẹ ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wẹ egbò náà. Ó wọ aṣọ fún un. Ó gbé e pọ̀n, bí ìyá náà ṣe máa ń pọ̀n ọ́n nígbà kan, ó rù ú wọ inú gbọ̀ngàn, ó sì so ó mọ́ irin tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, èjìká sí èjìká. Wọn kò fi Agbóòórùn sínú gbọ̀ngàn, nítorí òórùn omi kíkan tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kó gbóòórùn ohun mìíràn. Nínú gbogbo ìlú Ìgbórè, ibẹ̀ nìkan ni ohun tó ń jẹrà lè fara pamọ́ sí.

Nígbà tí Ìyáàfin Ṣówándé padà dé, ó wo òkú náà láti òkèèrè, ó mi orí. "Ó dúró dáadáa," ó wí.

Láràárọ̀ ni Ìbídùn ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó ń nu àwọn yòókù pẹ̀lú omi kíkan bí iṣẹ́ ṣe rí, bó bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó ń fo wọ́n dá. Ojú ìyá rẹ̀ wọnú. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìbídùn ti rò pé ìbẹ̀rù lòun máa ní, pé òun kò ní lè wò ó, ṣùgbọ́n ó ń wò ó, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀ lọ́nà kan tí kò lè ṣàlàyé fún ara rẹ̀. Àwọn tó dúró kò yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Bó bá yí ọrùn wọn padà, kò ní tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí yóò fi gbọ́ kẹ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kan wálẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó wálẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti le gan-gan bí igi láti ọdún yìí wá rọ̀, ó sì fara ti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán yẹn ṣá, ó hun jọ, ìlà sì gba iwájú orí rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ tí Ìbídùn rí ìyẹn, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sun ẹkún tí kò ráyè sun lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Ẹkún yẹn ló ń sun nígbà tó gbọ́ ìró kan lókè orí rẹ̀. Ó ń dún wíwí, ó dúró, ó tún dún. Nǹkan dúdú kékeré kan tó ní ìyẹ́ fò yí orí bàbá rẹ̀ ká, ó bà lé ètè rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ra ẹsẹ̀.

"Eṣinṣin," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyáàfin Ṣówándé ni. Ìyarun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Ọwọ́ kejì wà lórí aago pupa tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn agbófinró.

"N kò rí i mọ́ láti ìgbà èwe mi," obìnrin náà wí. "O kò ri ìyá rẹ bọ omi."

"N kò rì í bọ ọ́, mà."

"O gbé ìbàjẹ́ wọ ibí yìí. Síbi tí ọmọ mi wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń yí ojú ọmọ mi padà sọ́dọ̀ ara mi. Ojoojúmọ́. Bí mo bá ya irun rẹ̀ tán, ó ti kọ̀yìn sí mi. Mo rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ aago náà. "Kó o tó dìde níbẹ̀, wọ́n á ti dé."

Ìbídùn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó mọ odi, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún Ìdílé Ìbàjẹ́.

"Ẹ wo bàbá mi, mà," ló sọ.

Ìyáàfin Ṣówándé kò fẹ́ wò. Ó wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí obìnrin náà tó di ọ̀gá kò sí níbẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà ló wà níbẹ̀, bàbá tó ti rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì padé, orí rẹ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń fi dù ú ti dé bá a láàárín ọjọ́ díẹ̀.

"Ó ti dàgbà jù mí lọ," Ìbídùn wí. "Ó ti wá jọ bàbá mi."

Eṣinṣin náà fò kúrò, ó tún padà. Ìyáàfin Ṣówándé ń wò ó. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lára aago, ó sì kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rìn lọ sí ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, sọ́dọ̀ ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé. Ó ya irun rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ nu ohun tí kò sí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yí ojú ọmọ náà padà.

"Ṣé yóò dùn ún?"

"N kò mọ̀, mà."

Obìnrin náà tú irin ìbàdí. Ó tú ti abẹ́ apá. Ọmọ náà kò ṣubú, ó kàn fara tì í lórí àyà.

"Wá mú ẹsẹ̀ rẹ̀," ó wí.

Ìbídùn dìde, ó mú ẹsẹ̀. Wọ́n jọ gbé e gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn lọ sórí ibùsùn. Wọ́n gbé e síwájú Wúràọlá, ìyá Ìbídùn, nítòsí débi tí aṣọ wọn fi kan ara. Orí ọmọ náà, tí kò tẹ̀ rí láti ọdún wọ̀nyí wá, rọra tẹ̀ wálẹ̀, ó sì simi lé igbá àyà Wúràọlá.

Ìyáàfin Ṣówándé dúró tì í, ìyarun lọ́wọ́, kò sunkún.

Irin bẹ̀rẹ̀ sí í mì lára ògiri lẹ́yìn wọn, lọ́tùn-ún, lósì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà títí dé òpin rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì yíjú. Gbogbo àwọn tó dúró ní Ìgbórè ló la ẹnu, wọ́n sì ń wò wọ́n.

Ìyáàfin Ṣówándé ki ìyarun bọ àpò. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè.

"Ta ló kàn?" ó wí.